Ká A Bí Ẹní

Orí ẹja ni obìnrin aránṣọ kan bá nínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì bàbá rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tó fẹ́ bá bàbá náà di ẹrù. Ó ti jẹrà, omi rẹ̀ ti rin aṣọ náà ká. Ó fi ìka méjì mú un, ó sì jù ú gba ojú fèrèsé.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ fi èyí sápò?"

Bàbá tó jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ èdè. Ó tutọ́ sílẹ̀, sáàárín ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Nǹkan ìríra gbáà ni. Ọkùnrin tó mọ́ tónítóní jù lọ ládùúgbò ló di ẹni tó ń tọ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù láti bí oṣù méjì, tó ń fi kọ́tíìnì nu ẹnu. Ó gbé bàsíà kan sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ibẹ̀ ló ń tutọ́ sí, ibẹ̀ ló ń da omi ẹja sí. Òórùn bàsíà yẹn tó lé olè jáde nílé. Obìnrin náà gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan láti bẹ̀rẹ̀ fà á yọ, àfi bó ṣe sáré jáde tó lọ bì. Kò tún dé ìdí rẹ̀ mọ́.

Aṣọ tirẹ̀ náà kò yọ sílẹ̀. Bùláòsì kan ló kọ́kọ́ pòórá lórí okùn, síkẹ́ẹ̀tì dúdú tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà aṣọ méjì tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán. Nígbà tó bi Bàbá, ẹ̀rín ni Bàbá rín. Ó ní òun fi wọ́n nùdí, òun sì jù wọ́n sí gọ́tà. Aránṣọ tí ẹnì kan fi aṣọ rẹ̀ nùdí! Ó sunkún lọ́jọ́ náà. Ọṣẹ ilé pàápàá ń tán láìnídìí, bẹ́ẹ̀ Bàbá kì í wẹ̀. Ó gbà nínú ara rẹ̀ pé ṣe ló ń jẹ ẹ́ nígbà tí òun bá wà ní ìsọ̀.

Òun náà ló kúkú fẹnu ara rẹ̀ kó o. Ó pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti ní kí Bàbá wá máa gbé lọ́dọ̀ òun, níbi tí yàrá ti pọ̀, tí ìyàwó òun sì máa ń wà nílé. Aránṣọ ló kọ̀. Ó ní, "Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ló ń mu. Mi ò ní fi bàbá mi lé ẹlòmíì lọ́wọ́." Nítorí ọ̀rọ̀ yẹn, nígbà tí ilé ìránṣọ ńlá kan nílùú òkèèrè kọ̀wé sí i ní bí oṣù méjì àbọ̀ sẹ́yìn pé kó wá ṣe ọ̀gá àwọn tó ń gé aṣọ, pé àwọn máa dúró dè é fún oṣù mẹ́ta, ó ka lẹ́tà náà sókè lójú Bàbá, ó rún un mọ́wọ́, ó sì jù ú sínú ike ìdọ̀tí.

"Ta ni máa fi yín sílẹ̀ fún?" ló wí, ó sì bu oúnjẹ fún un.

Ṣùgbọ́n sùúrù náà lópin. Lánàá, Bàbá fun ikun sára aṣọ funfun tí oníbàárà kan gbé wá. Aránṣọ náà gbé fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá gbé wọn. Mi ò lè ṣe é mọ́."

Ó yẹ kí ẹrù dídì rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ọgbọ̀n ọdún ni Bàbá fi ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, níbi tí gbogbo aṣọ ènìyàn kò gbọdọ̀ ju àpótí páànù kékeré kan lọ, kí ọmọ rẹ̀ sì tó mọ ìwé kà ló ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dì í. "Ká a bí ẹní, Abẹ́rẹ́," ló máa ń wí, torí orúkọ tó fi ń pè é nìyẹn. "Aṣọ tí a bá ká kì í rún. Bàtà òfìfo, olè tó ń jí ààyè ni; ki ìbọ̀sẹ̀ bọ̀ ọ́." Yóò wá fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ dè é, yóò ta á ní kókó kan tó rí bí ẹ̀gbà ọwọ́ méjì tó kọ́ra. Abẹ́rẹ́ kò rí kókó yẹn ta rí, títí ó fi dàgbà.

"Àpótí yín dà, Bàbá?"

"Àpótí wo?"

"Èyí tẹ́ ẹ máa ń gbé wọkọ̀."

"Ọkọ̀ wo?"

Ó mí kanlẹ̀, ó lọ mú báàgì tirẹ̀ wá. Kò ká nǹkan kan. Ó ń rọ́ aṣọ wọnú báàgì, ó ń mí látẹnu. Bó ṣe fẹ́ rọ́ ṣẹ́ẹ̀tì kan sínú rẹ̀, Bàbá na ọwọ́, ó mú apá ṣẹ́ẹ̀tì náà, ó ṣẹ́ ẹ sẹ́yìn, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ jẹ́ẹ́. Lójijì ó fi apá aṣọ kan náà nu imú.

Obìnrin náà já a gbà. "Ẹ ò tiẹ̀ tijú!"

Kò sọ irú rẹ̀ sí i rí láyé. Bàbá sorí kọ́.

Ọ̀sán ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé. Ẹnu ọ̀nà ló ti fọwọ́ bo imú.

"Ṣé bó ṣe rí nìyí?"

"Ẹ ṣáà máa gbé wọn lọ, ẹ jọ̀ọ́."

Nígbà tí wọ́n gbé Bàbá sínú mọ́tò, ó yọjú ní fèrèsé. "Ó dàbọ̀, Abẹ́rẹ́," ló wí. Itọ́ tó wà nírùngbọ̀n rẹ̀ ni obìnrin náà ń wò.

Nígbà tí mọ́tò lọ tán, ó fi aṣọ di imú, ó po omi ọṣẹ, ó bẹ̀rẹ̀, ó fa bàsíà náà jáde, ó sì lọ dà á nù. Nígbà tó padà wá nu ilẹ̀ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ọwọ́ rẹ̀ kan páànù.

Òórùn ọṣẹ ló jáde nígbà tó ṣí àpótí náà: bùláòsì rẹ̀ rèé, síkẹ́ẹ̀tì dúdú rèé, aṣọ méjèèjì tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán rèé, wọ́n ti di fífọ̀, wọ́n ti di kíká bí ẹní, kókó ẹ̀gbà ọwọ́ wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ìbọ̀sẹ̀ wà nínú bàtà rẹ̀, lókè gbogbo rẹ̀ sì ni lẹ́tà ilé ìránṣọ náà wà, tí ẹnì kan ti fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ títí tí kò fi rún mọ́.