Fùrèjọ́ọ̀nù Bibiana

Àgbẹ̀ Àgùdà ni wá, lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́. Nígbà tí baba ńlá wa, Fẹlísíánò, bọ́ lóko ẹrú ní Bùràsílì, àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ nìkan ló kó wọkọ̀ bọ̀ wálé. Ó fi Bibiana, ọmọ rẹ̀ obìnrin kékeré, sílẹ̀ ní èbúté. Síbẹ̀, akọni la ń pe baba náà.

Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì Mímọ́, ìyá mi máa ń bu fùrèjọ́ọ̀nù, ẹ̀wà olómi àgbọn wa, sílẹ̀ fún ọmọ náà. Lọ́dún yìí mo ní a ò lè máa bọ́ òkú. Mo jẹ ẹ́.

Bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú, a gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, bíi tẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú omi. Ajá ò gbó.

“Ẹ jọ̀ọ́, tèmi dà?” Ohùn ọmọdé ni.

Ìyá mi wo abọ́ òfìfo, ó wá wò mí.

“Ìwọ lo jẹ ẹ́. Dìde, lọ ṣílẹ̀kùn fún un.”