Bàbá Sójà Kò Lọ Síbi Sàréè

Bàbá sójà ń sá kòkó nígbà tí ìránṣẹ́ alága káńsù dé láti Ìjerò.

"Bàbá, òkú ọmọ yín ti dé láti Borno. Àwọn oníròyìn ń retí yín níbi sàréè."

"Òbí kì í wo sàréè ọmọ. Alága náà mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Ta ni yóò wá dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọba?"

"Ṣé kò sí ẹnu tó lè dúpẹ́ ní ọ́fíìsì yín ni?"

Ìránṣẹ́ lọ. Kò pẹ́ tí ẹkún fi sọ lórí rédíò.

"Èmi bàbá olóògbé dúpẹ́ o. Ọmọkùnrin kan ṣì kù fún mi nílé. Ẹ mú òun náà lọ sójú ogun."

Ohùn Dúrótoyè ni, àbúrò Bàbá tí kò bí ọkùnrin rí. Àwọn èrò ibi sàréè pàtẹ́wọ́ fún un.

Bàbá tutọ́ sílẹ̀. Ó pe ọmọkùnrin rẹ̀ tó kù wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.