Ohun Tí Dígí Wí fún Àjàmú

Ẹni tó bá ń gbé irin díje kò gbọdọ̀ jáde nílé láì kọ́kọ́ bá dígí ìlera, ẹ̀rọ tó ń ka ara láti àtẹ́lẹwọ́, sọ̀rọ̀. Àjàmú gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, ìyá rẹ̀, Mojírádé, sì dúró tì í pẹ̀lú táwẹ́lì.

"Ẹ kú àárọ̀ o," ni dígí wí. "Ẹ̀dọ̀ yín kò dára."

Àjàmú rẹ́rìn-ín. "Irin àná ló fà á, Màámi. Bí iṣan bá ṣiṣẹ́ jù, bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí."

"Mo ti yọ ti iṣan kúrò," ni dígí fèsì. "Abẹ́rẹ́ agbára tí ẹ ń gún ni. Ẹ̀dọ̀ yín ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe."

"Dígí ẹlẹ́jọ́ wẹ́wẹ́! Ta ló bi ọ́ léèrè?"

Àjàmú yí àyà rẹ̀ tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn sí ìyá rẹ̀. "Màámi, mo ti jáwọ́. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́."

Mojírádé kúnlẹ̀, ó ń bẹ dígí bí ẹni ń bẹ àgbà.

"Ẹ dìde, Màmá," ni dígí wí, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ láti máa tu àwọn ìyá nínú. "Ẹ fi ẹ̀dọ̀ lé orí òróǹro."

"Ẹ̀dọ̀ wo?" Ó gbá àtẹ́lẹwọ́ tirẹ̀ mọ́ dígí. "Tèmi nìyí! Gbà á, kí o fún un!"

Dígí kàn kà á.

"Ẹ̀dọ̀ tiyín dára púpọ̀, Màmá," ló wí.