Sinimá Kòfowórọlá

Lọ́sàn-án Ọjọ́rú, gbogbo ọmọ kíláàsì kẹrin dé awò sójú, wọ́n sì wo sinimá Kòfowórọlá, ìyà tí wọ́n fi jẹ ẹ́ tí ẹ̀rọ ilé-ìwé ya. Ẹni tó bá dé awò náà yóò jẹ ìyà inú sinimá náà lára tirẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọkùnrin fọ́ Kòfowórọlá létí lẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, gbogbo kíláàsì ló di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. Bó ti parí, wọ́n sáré lọ dì mọ́ ọn, wọ́n ń sunkún.

Ìbídùn nìkan ló jókòó. Owú ń jẹ ẹ́. Wọ́n na òun náà ní ilé-ìwé tó wà tẹ́lẹ̀, àmọ́ kò sí ẹ̀rọ tó ya á, kò sì sẹ́ni tó dì mọ́ òun rí.

Nígbà tí wọ́n jáde, ó bá Kòfowórọlá lábẹ́ igi àgbálùmọ̀.

“Orí ẹ mà dáa o,” ló wí. “Gbogbo ènìyàn ló mọ ohun tójú ẹ rí. Wọ́n na èmi náà, kò sẹ́ni tó mọ̀.”

Kòfowórọlá wò ó tìlara-tìlara. “Kò sẹ́ni tó mọ̀? Ìwọ gan-an lorí ẹ dáa. Lọ́la, wọ́n á fi tèmi han kíláàsì kẹta. Lọ́túnla, kíláàsì kejì. Àwọn ọmọ kéékèèké yẹn náà máa rí ibi tí mo ti tọ̀ sára.”

Ìbídùn fẹ́ dì mọ́ ọn, ṣùgbọ́n Kòfowórọlá sún sẹ́yìn.

“Jọ̀ọ́, má dì mọ́ mi. Ṣáà jókòó tì mí.”

Ó jókòó. Nígbà tó ṣe, Kòfowórọlá béèrè pé, “Ta ló nà ẹ́?”

Ìbídùn sì sọ ọ́ fún un, òun nìkan.