Ìpè Àkọ́kọ́ Sílé

"Pe àwọn ará ilé rẹ, mo wà níbí," ni olùgbaninímọ̀ràn wí, ó sì fi fóònù lé ọmọbìnrin náà lọ́wọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ àwọn tó tà á sókè òkun, tí wọ́n sì mú un padà wá sí ilé ààbò yìí nílẹ̀ wa, ló ti ń sá fún ìpè yìí. Ojú ń tì í.

"Màámi, èmi ni. Mo ti bọ́."

Ìyá rẹ̀ pariwo ayọ̀, ó dúpẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ló ní, "Àbúrò rẹ ńkọ́? Ṣé ó ti dé ọ̀dọ̀ rẹ?"

"Àbúrò mi kẹ̀?"

"Obìnrin tó mú ọ lọ lọ́jọ́sí ló wá mú un láàárọ̀ yìí. Ó ní ìwọ lo ní kó máa bọ̀. Inú ọmọ náà dùn débi pé kò lè jẹun."

Fóònù bọ́ sílẹ̀. Olùgbaninímọ̀ràn rò pé ayọ̀ ló pọ̀ jù. Ó na áńkáṣíìfù sí i, ó ní, "Sunkún dáadáa, ọmọ mi, ara á tù ọ́."

Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin náà ti dé ẹnu géètì láìwọ bàtà, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì lu irin.

"Àǹtí, ẹ ṣílẹ̀kùn! Mo mọ ọ̀nà tí wọ́n máa gbé e gbà!"