Ọ̀rá fún Khải

Ìyàwó náà ń gé ọ̀rá kúrò lára ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tó fẹ́ fi omi àgbọn sè, nígbà tí Thoa, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, yọjú sí ilé ìdáná.

"Ìyàwó, o tún ti dé! Ibi tí Khải fẹ́ràn gan-an lò ń gé dànù yẹn."

"Ẹ̀gbọ́n mi, dókítà ló ní kó má jẹ ẹ́, kó má baà dí iṣan ọkàn rẹ̀."

"Ọdún mẹ́ta lo fi bọ́ àbúrò mi bí ehoro. Ewé lónìí, ewé lọ́la!"

"Ó ṣiṣẹ́ ṣá. Nínú àyẹ̀wò tó ṣe kẹ́yìn, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti wálẹ̀."

Ohùn Thoa rọ̀. "Mo mọ̀. Èmi ni mo yọ ìwé àyẹ̀wò náà lápò rẹ̀, lọ́jọ́ tí alùpùpù pa á. Ọdún kan rèé lónìí, ìyàwó. Jẹ́ kó jẹun."

Ìyàwó náà ò sunkún. Ó kó gbogbo ọ̀rá náà sínú ìkòkò. Nígbà tó jinná, ó gbé abọ́ kan síwájú fọ́tò ọkọ rẹ̀, ó tan tùràrí, ó sì jókòó. Ó ń wo abọ́ náà títí ọbẹ̀ fi tutù, tí ọ̀rá sì dì funfun sórí rẹ̀.