Ọjà Tí Ọwọ́ Ọ̀tún Ń Tà fún Ọwọ́ Òsì

Alágbàtà kan wà tí kì í ṣe ọ̀lẹ, tí kì í sì í ṣe òmùgọ̀, ṣùgbọ́n tí kò ní sùúrù kankan fún òtítọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa bá àwọn ènìyàn ra ìpín nínú àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá, kí ó sì máa bá wọn tà á. Ó-Kù-Díẹ̀ ni wọ́n ń pè é nínú gbọ̀ngàn ọjà ìpín, nítorí pé ìgbà tó bá ku díẹ̀ kí agogo ìparí dún ló máa ń sáré ṣe ọjà tirẹ̀. Àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ náà rò pé ẹ̀fẹ̀ ni àwọn ń ṣe.

Ìdí wà fún eré tó ń sá. Iye tí wọ́n bá ta ìpín kẹ́yìn kí agogo tó dún ni wọ́n ń kọ sórí pátákó, òun sì ni gbogbo ayé yóò máa pè ní owó rẹ̀ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́. Ó ra ìpín rẹpẹtẹ nínú ilé-iṣẹ́ ìgò kan tí iná ìléru rẹ̀ ti ń kú lọ. Ìdajì wà lórúkọ tirẹ̀, ìdajì wà lórúkọ ọkọ àbúrò rẹ̀, ẹni tí kò mọ̀ ju kí ó fọwọ́ sí ìwé lọ. Lójoojúmọ́, bó bá ti ku ìṣẹ́jú méjì, á ta díẹ̀ lórúkọ ara rẹ̀, á tún fi orúkọ ọkọ àbúrò rẹ̀ rà á, á sì bu díẹ̀ lé iye rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún wẹ tòsì, tòsì wẹ tọ̀tún. Láàárín oṣù mẹ́jọ, owó ìpín náà di ìlọ́po mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ ìgò ẹyọ kan kò lé sí èyí tí ilé-iṣẹ́ náà ń ṣe.

Ó ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan, aránṣọ, tó tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú àwọn òbí wọn. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ló ti kàwé. Ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ rí bí owó ọjà ṣe ń dé: ẹ̀gbọ́n á pe iye kan, oníbàárà á ná an, wọ́n á fà á síhìn-ín sọ́hùn-ún, oníbàárà á ṣe bí ẹni ń lọ, á sì padà láti ẹnu ọ̀nà. Ibi tó bá ti rẹ àwọn méjèèjì ni owó aṣọ wà.

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n yìí wá bá a ní ọ́fíìsì.

"Ojú mi ti ń ṣú," ó ní. "Mo fẹ́ ta ṣọ́ọ̀bù àti ẹ̀rọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kí ni kí n fi owó rẹ̀ rà tí màá fi jẹun lọ́jọ́ ogbó?"

Alágbàtà ti ń wá ẹni tí yóò gbé ẹrù ìpín ìgò yẹn kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ó nawọ́ sí iye ìpín ilé-iṣẹ́ ìgò nínú ìwé ọjà. "Ẹ wo bó ṣe ń gòkè, ẹ̀gbọ́n mi."

"Mo rí i. Ta ló ń rà á?"

"Èèyàn pọ̀."

"Àwọn wo? Bí aṣọ tèmi bá wọ́n, mo máa ń rí ojú ẹni tó sanwó rẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àti òwú o!" Ó bú sẹ́rìn-ín.

Ó ti rẹ obìnrin náà. Àárẹ̀ kì í jẹ́ kí èèyàn béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ta ṣọ́ọ̀bù, ó sì ra ìpín. Kò mọ̀ pé ti àbúrò òun gan-an ni òun rà.

Ká ní alágbàtà sá lọ níbẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá purọ́ pẹ́ títí, òun náà á gba irọ́ rẹ̀ gbọ́. Nígbà tí ó rí i pé èèyàn gidi ti san iye orí pátákó, ó dá a lójú pé iye náà ti di òtítọ́. Ó kó gbogbo owó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó tún fi ra ìpín ìgò sí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, iná ìléru kú. Kí oòrùn tó kan àtàrí, àwọn tó ní ìpín ti kún gbọ̀ngàn, gbogbo wọn fẹ́ tà. Alágbàtà náà pe iye tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó ná an.

"Ó-Kù-Díẹ̀, dín in kù!" àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pariwo.

"Mo ti dín in sí ìdajì!"

"Ó kù díẹ̀ káàtó!"

Ó dín in sí ìdá mẹ́wàá. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Àwọn méjèèjì, ọwọ́ ara rẹ̀ ni, kò sì sí nǹkan kan nínú wọn mọ́. Agogo dún. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Àwọn alábòójútó ọjà yẹ ìwé wò, wọ́n rí ẹni kan náà tó ń tà, tó ń rà, ní ìṣẹ́jú méjì kí agogo tó dún, fún oṣù mẹ́jọ. Wọ́n gba ìwé àṣẹ rẹ̀, ó sì ṣẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rin. Ọkọ àbúrò rẹ̀ ṣe ọdún kan nítorí ìwé tí kò kà.

Nígbà tó jáde, ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn, nídìí ẹ̀rọ ẹlòmíràn, tó gbé abẹ́rẹ́ súnmọ́ imú kó lè rí ojú rẹ̀. Ó na ṣòkòtò rẹ̀ tó ya sí i.

"Èló ni ẹ máa gbà, ẹ̀gbọ́n mi?"

Obìnrin náà kò gbójú sókè. "Ná an," ó ní. "Èèyàn méjì ló wà níbí lónìí."



Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé owó ọjà kì í ṣe ohun tí wọ́n kọ sórí pátákó. Àdéhùn ni, láàárín ẹni tó fẹ́ tà àti ẹni tó fẹ́ rà, tí ọ̀kan kì í ṣe òjìji èkejì. Ẹni tó bá fi ara rẹ̀ ṣe méjèèjì, olè ni, ẹ̀wù yòówù tí ó lè wọ̀. Bí wọ́n bá ní ohun kan ń gbówó lórí, ẹ béèrè ohun tí aránṣọ béèrè: ta ló ń rà á? Bí wọn kò bá dáhùn, ẹ béèrè lẹ́ẹ̀kejì, bó ti wù kó rẹ̀ yín tó. Lóòótọ́, ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ṣùgbọ́n nínú irú ọjà yìí, ojú aláìṣẹ̀ ni eérú ti kọ́kọ́ ń kó sí.